Òjé Tí Mo Pè Ní Pẹ́ńsù

Abẹ́rẹ́ ni mo sá fún tí mo fi di ògbufọ̀. Ibẹ̀ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí lọ́kàn, torí pé bí mo bá ti ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, ó lè jọ pé ọmọlúàbí ni mí nínú rẹ̀.

Ìṣó àti àgádágodo ni mò ń tà ní Láfẹ́nwá. Gbogbo ará agbo ilé wa ní Ìjẹmọ̀ ló mọ̀ pé mo lè gbé àpò ìṣó láti ìdí ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù láìsinmi. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé bí nọ́ọ̀sì bá ti ń ya bébà ara abẹ́rẹ́, orúnkún mi á máa yọ̀ bí ẹni pé ilá ni wọ́n fi ṣe é. Irin ṣóńṣó ni mo fi ń jẹun, irin ṣóńṣó náà ni mo sì ń sá fún láti kékeré títí irun mi fi funfun.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn olùwádìí yẹn dé. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ló rán wọn. Baálé wa ti gbà fún wọn, wọ́n sì ti bẹ àwọn àlùfáà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tó wà nínú omi tí à ń mu, nínú oúnjẹ wa, nínú eruku ilẹ̀ yàrá wa, àti nínú ẹ̀jẹ̀ wa pẹ̀lú ti àwọn ọmọ wa. Wọ́n bu láfún sínú ọ̀rá kéékèèké. Wọ́n fa omi kànga sínú ìgò. Ọ̀kan nínú wọn fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò ju ìka lọ gbá abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, ó sì kó ìdọ̀tí náà pamọ́ bí ẹni tó rí wúrà. Wọ́n béèrè iye ẹni tó ń sùn nínú yàrá kan. Wọ́n béèrè ẹni tó ń fún ni lówó oúnjẹ nínú ilé, àwọn obìnrin sì dáhùn ìyẹn ju bí wọ́n ṣe bi wọ́n lọ, títí àwọn ọkọ kan fi rántí pé àwọn ní ibi tí àwọn ń lọ.

Nígbà tó kan ẹ̀jẹ̀ gbígbà, mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé abẹ́rẹ́ pé ààwẹ̀ ni mo gbà. Àlàrùba ni ọjọ́ náà. Ẹni tó bá ń gba ààwẹ̀ nàfílà, Àtìní àti Àlàmísì ló ń gbà á, òróró àkàrà sì ṣì ń dán ní ètè mi. Ọmọ náà wo ètè mi, ó rọra sọ pé kò burú, pé ẹ̀jẹ̀ aláàwẹ̀ gan-an dára fún àyẹ̀wò. Mo wá ń wá ọ̀nà míràn tí mo lè gbà sá.

Ọlọ́run bá mi ṣe é. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń bi ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ìbéèrè. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Yorùbá tí wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì lú ló ń sọ. Ó bi í bóyá ó máa ń fíìlì wíìkì. Ẹ̀gbọ́n mi ní fíìlì kí ni. Mo fi ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo bọ́ sí àárín wọn, mo ní, “Wọ́n ní ṣé ó máa ń rẹ̀ yín.” Ojú gbogbo wọn tàn. Ìwé mẹ́fà ni mo ní àti ọdún kan àbọ̀ ní girama, ṣùgbọ́n ní agbo ilé wa, ìyẹn tó láti máa ka ìwé iná mànàmáná fún àwọn àgbà. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fún mi ní àga oníke kan àti omi tútù. Mo ń túmọ̀ kiri inú ilé. Kò sí ẹni tó tún rántí pé mi ò fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ mi. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò gbà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí. Òun ni àkọ́bí ìyá wa. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, Alájà ni gbogbo ayé ń pè é. Akọ̀wé ni òun ń pè mí láti ìgbà tí mo ti wọ girama. Nígbà tí wọ́n lé mi kúrò níbẹ̀ nítorí owó iléèwé, kò yí i padà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn gan-an ló tún ń pè é léraléra. Ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Ṣàpọ́n, níbi tó ti ń ta lọ́fíńdà, làálì, tẹ̀sùbáà àti tìróò. Tìróò ni olórí ọjà rẹ̀. Ọwọ́ ìyá wa ló ti gbà á, ìyá wa náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò ará Òkè-Ọya ló ń gbé òkúta rẹ̀ wá fún un, òkúta dúdú tó ń kọ mànà bí dígí, tó sì wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ̀yìn ilé ló ti ń gún un nínú odó irin, tó ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ, tó sì ń fi aṣọ tín-ín-rín sẹ́ ẹ títí yóò fi kúnná bí àtíkè. Eruku rẹ̀ máa ń bà sórí gbogbo nǹkan. Ìkòkò ọbẹ̀ ń dán. Nígbà mìíràn ọwọ́ àwa ọkùnrin náà máa ń dán.

Kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní ilé wa tí wọn kì í lé tìróò fún. Bí wọ́n bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á mú ọ̀pá tín-ín-rín, á tì í bọ inú ìgò, á fà á sí ìpéǹpéjú ọmọ. Wọ́n ní ó ń mú ojú ríran, ó ń mú ojú tutù, ó sì jẹ́ sunnà Ànábì. Wọ́n lé e fún mi. Mo lé e fún àwọn ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wa rí pé tìróò yàtọ̀ sí tìróò, pé ohun tí àwọn ẹni ìṣáájú ń lò lè má jẹ́ òkúta tí à ń rà lónìí.

Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ti lé ní ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kan ní Ṣàgámù, ó sì máa ń wálé ní ìparí oṣù. Ọmọ náà lẹ́wà, ojú rẹ̀ sì máa ń dúdú minimini pẹ̀lú tìróò ní àràárọ̀, torí ọmọ onítìróò ni. Ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Ó máa ń nawọ́ sí ohun tó bá fẹ́ ni. Inú máa ń run ún, á ká jọ sí ẹsẹ̀ ògiri, á máa sunkún láìsí ohùn púpọ̀. A sọ pé ìdílé bàbá rẹ̀ kì í tètè sọ̀rọ̀. A sọ pé aràn ni, a fún un ní oògùn aràn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, ó sọ fún mi kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun gbà fún wọn kí wọ́n lè wá ohun tó so ahọ́n ọmọ òun. Mo mọ̀, nígbà náà, pé ohun kan ṣoṣo yìí ló ń retí lọ́wọ́ gbogbo ìgò àti ọ̀rá tí wọ́n kó lọ.

Wọ́n padà wá pẹ̀lú èsì lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kéwú ni wọ́n ti kó àwọn obìnrin jọ. Olórí wọn fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan ni, kì í ṣe Yorùbá, gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ló ń sọ, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin wa ló ń wò lójú bó ti ń sọ ọ́, kì í ṣe èmi. Wọ́n ti gbé àga mi kalẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti wọ agbádá, ẹ̀jẹ̀ mi sì wà lára mi láìdín kán kan.

Ó sọ ti omi kànga, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó sọ ti láfún, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá gbé ìgò tìróò kékeré kan sókè. Ó ní lẹ́ẹ̀dì ló wà nínú rẹ̀, lẹ́ẹ̀dì púpọ̀.

Mo sọ ọ́ bí ó ṣe sọ ọ́, lẹ́ẹ̀dì. Ìyá arúgbó kan ní iwájú béèrè pé kí ló ń jẹ́ lẹ́ẹ̀dì. Mo wo ọ̀dọ́mọkùnrin olùwádìí tó jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó yún orí rẹ̀, ó ní, “Bàbá, lẹ́ẹ̀dì náà ni o. Ẹ bá wa sọ ọ́ bí wọ́n á ṣe gbọ́.” Kò mọ̀ ọ́n. Ó ti fi ọdún mélòó kan wá nǹkan náà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ, kò sì mọ orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ ń pè é.

Èmi mọ lẹ́ẹ̀dì. Ta ni kò mọ lẹ́ẹ̀dì tó jókòó ní iléèwé? Ohun tó wà nínú igi tí a fi ń kọ̀wé ni. Dúdú ni, ó ń dán, ó sì ń ba ọwọ́ jẹ́. Tìróò pàápàá dúdú, ó ń dán, ó ń ba ọwọ́ jẹ́. Kí ló tún kù? Mo yí sí àwọn obìnrin, mo là á mọ́lẹ̀ bí onímọ̀: “Wọ́n ní ohun tó wà nínú pẹ́ńsù ló wà nínú tìróò.”

Ẹ̀rín bú. Ọ̀kan ní àṣé ìdí rẹ̀ nìyí tí ọmọ òun fi ń jẹ pẹ́ńsù ní iléèwé, tó jẹ́ pé ìwé ni kò wọ orí rẹ̀. Òmíràn ní kí wọ́n wá máa fi ojú òun kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí ẹsẹ̀, dúró kí ariwo náà lọ sílẹ̀ díẹ̀ kó tó sọ tirẹ̀.

“Akọ̀wé, ìwọ ni o kàn rí àǹfààní. Tí bírò rẹ bá tán, máa bọ̀ wá bu tìróò.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Olórí wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn léèrè ohun tí mo sọ, ìyẹn sì sọ nǹkan kan fún un tí kò gùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: pé ó ń wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọdé láti ojú àti láti ọwọ́ tí wọ́n ń fi sẹ́nu, pé ó ń ba ọpọlọ jẹ́, pé ó lè mú ọmọ pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, pé kí wọ́n ṣíwọ́ lílé e fún ọmọ, kí wọ́n sì ṣíwọ́ lílọ̀ ọ́ nínú ilé.

Gbogbo rẹ̀ ni mo túmọ̀, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ni mò ń pè é. Pẹ́ńsù ń wọ ẹ̀jẹ̀. Pẹ́ńsù ń ba ọpọlọ jẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn tí kò rẹ́rìn-ín, ó ń ṣàìsàn. Ìyẹn, àìmọ̀ ni, n ó sì bẹ Ọlọ́run nítorí rẹ̀. Ẹ̀kejì kì í ṣe àìmọ̀. Nígbà tí obìnrin náà sọ pé kí wọ́n ṣíwọ́, mo mọ ohun tí ṣíwọ́ jẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìkínní ni wọ́n ti kọ́ wa. Ṣùgbọ́n ojú ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ lára mi. Ọjà rẹ̀ ni, ọjà ìyá wa ni. Mo sọ fún wọn pé wọ́n ní kí á máa rọra lò ó.

Wọ́n pín ìwé fún ìyá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi gègé pupa yí nǹkan po lára ti ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé bébà kan wá fún mi, pé kí n fọwọ́ sí i pé a ti ṣàlàyé èsì fún àwọn ará ilé ní èdè tí wọ́n gbọ́. Mo fọwọ́ sí i. Mo fi ìlà sí abẹ́ rẹ̀, bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣe. Bébà yẹn wà níbìkan di òní, nínú fáìlì kan, ó ń jẹ́rìí pé wọ́n sọ fún wa.

Nígbà tí ilé dá, ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé ọmọ náà wá bá mi, ó ní kí ni ti gègé pupa. Mo wò ó. Mo rí ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, mo rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé ó ga. Àyà mi já. Mo mọ̀ pé ènìyàn kì í fi gègé pupa yí ìròyìn ayọ̀ po. Ẹni tí àyà bá já yẹ kó dìde lọ béèrè. Tèmi ni pé kí n jókòó, kí n sì fi ìwé náà pamọ́. Mo sọ fún un pé kó má dààmú ara rẹ̀, pé bí nǹkan bá wà, wọn ì bá ti fi ọkọ̀ gbé ọmọ náà lọ. Ó ní, “O ṣeun, Akọ̀wé.” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lé tìróò fún ọmọ náà.

Ó lé e fún un ní gbogbo àárọ̀ títí òjò fi bẹ̀rẹ̀.

Gìrì ló gbé ọmọ náà. Bí wọ́n ṣe ń fún un ní ògì, ojú rẹ̀ yí sókè, ara rẹ̀ le gbandi, ó sì ń gbọ̀n. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara ọmọ náà balẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà kan jókòó, ó ń béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà pẹ̀lú ọmọ ní yàrá kejì, èmi ni mo ń dáhùn. Nígbà tó béèrè bóyá wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò rí, mo yọ ìwé náà láti àpò mi, torí láti ọjọ́ yẹn n kò lè jù ú nù, n kò sì lè kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ó kà á. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bi mí ohun tí a ṣe sí i láti ìgbà tí wọ́n ti fún wa. Mo ní a kò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ló dé. Mo ní wọ́n ní pẹ́ńsù ni.

“Pẹ́ńsù kẹ̀? Òjé ni, bàbá. Òjé ni gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lẹ́ẹ̀dì. Èyí tó wà nínú pẹ́ńsù kì í ṣe òjé rárá, orúkọ ni wọ́n kàn fún un. Ta ló túmọ̀ rẹ̀ fún yín?”

Mo ní akọ̀wé kan ni.

Ó pòṣé. Ó ní Ọlọ́run yóò dá akọ̀wé náà lẹ́jọ́, mo sì ṣe àmín. Mo ṣe é jáde lẹ́nu, ẹ gbọ́ mi. Ó wá ṣàlàyé pé kí a mú ọmọ náà kúrò nídìí tìróò lójú ẹsẹ̀, kí a fọ ilé, kí a máa fún un ní wàrà, ẹyin àti ẹ̀fọ́. Wọn yóò kọ ìwé kí a gbé e lọ sí ọsibítù ńlá, níbi tí wọ́n ti máa ṣe ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo béèrè bóyá yóò wá sọ̀rọ̀. Ó ní ó lè sọ ọ́. Ó ní ohun tó bá ti ṣe ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ padà, ṣùgbọ́n bí a bá ti tètè ṣíwọ́, ìyẹn ì bá dára jù. Kò mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé wa padà ni mo ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. N kò jẹ́ kí n tún sùn lé e lórí, kì í ṣe torí pé mo gbóyà, àmọ́ torí pé ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sùn lé e, n kò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní ohun tí wọ́n ń wí lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe pẹ́ńsù. Mo ní òjé ni.

Etí odò Ògùn ni wọ́n ti tọ́ àwa méjèèjì. Ilé ìyá ìyá wa wà ní ìsàlẹ̀ Láfẹ́nwá, a sì máa ń jókòó ti àwọn apẹja bí wọ́n ṣe ń yọ́ òjé, tí wọ́n ń dà á, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu. Bí ọmọ bá fi sẹ́nu, wọ́n á gbá a létí kó tu ú. Kò sí ọmọ ìsàlẹ̀ odò tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi kò yí ojú sí mi. “Òjé àwọ̀n?”

“Òun ni, Ẹ̀gbọ́n.”

A kọjá afárá. Ó ní òun mọ òjé. Ó ní bí mo bá ti pè é ní òjé lọ́jọ́ náà, òun ò ní rẹ́rìn-ín. Ìyẹn nìkan. Ó sì tún fa ìborùn rẹ̀ bo ọmọ náà lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn kò sí.

Ọjọ́ náà ló fọ ojú ọmọ náà pẹ̀lú ọṣẹ dúdú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ọmọ ń ké. Ó fọ ilẹ̀, ó fọ ògiri. Odó irin àti ọlọ, ó fi àpò dì wọ́n. Èyí tó ti lọ̀ sílẹ̀, a kò mọ ibi tí a ó dà á sí, torí nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí á má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ kànga. Mo pe nọ́ńbà tó wà lára ìwé àwọn olùwádìí. Kò lọ. Mo pè é ní ọjọ́ púpọ̀, kò lọ. Bóyá wọ́n ti fi èsì wọn kọ̀wé ńlá, bóyá wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún wọn. N kò lè bínú sí wọn bó ṣe wù mí. Iṣẹ́ wọn pé títí dé ẹnu mi.

Mo wá ń lọ láti yàrá dé yàrá, láti agbo ilé dé agbo ilé, mò ń sọ fún àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà pé mo ṣì í túmọ̀. Ẹ wá wo ojú ayé. Ìgbà tí mo parọ́, wọ́n gbà á. Ìgbà tí mo gbé òótọ́ wá, wọ́n ní mo tún ti dé. Ìyá arúgbó tó béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn ní pẹ́ńsù ti di òjé, tó bá dọ̀la yóò di wúrà, kí n wá rà á. Ìyàwó ilé kan ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ṣé Alájà kò ní sọ ọ́? Ọwọ́ Alájà ni àwọn ti ń rà á.

Mo gbé ìyẹn lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ ọ́, pé tirẹ̀ ni wọ́n á gbọ́. Kò gbà. Ó ní kò sí ọmọ tó pẹ́ kó tó rìn, kò sí èyí tí orí rẹ̀ kò gba ìwé ní àdúgbò yìí, tí wọn kò ní tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọwọ́ òun, àti dé ibojì ìyá wa. Ó ní òun ti ṣíwọ́ títà á, kí n jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Ta ni èmi tí n ó sọ fún un pé ìbẹ̀rù ni?

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè tìróò ní ìsọ̀ rẹ̀, ó máa ń sọ pé ó ti tán. Wọ́n á kí i pé ẹ kú ọjà, wọ́n á sì bọ́ sí ìsọ̀ kejì. Mo mọ̀, torí bí wọ́n ti ń gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù, èmi ni mo máa ń lọ bá a dúró lọ́jà nígbà mìíràn. Ọmọ náà ti ń sọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta báyìí. Ó ń sọ “omi”. Ó ń sọ “má”. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ka kéwú.

Ní ọjọ́ kan tí àwa méjèèjì jọ jókòó níbẹ̀, obìnrin kan dé, ó pọn ọmọ ìkókó, ó sì fa òmíràn lọ́wọ́. Oníbàárà àtijọ́ ni. Ó kí wa, ó béèrè tìróò. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti tán. Ó béèrè ọjọ́ tí òmíràn ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò mọ̀. Obìnrin náà yà sí ìsọ̀ kejì, ó mú ìgò kan, ó ń tú owó nínú aṣọ.

N kò mọ ohun tó gbé mi dìde. N kò ní irọ́ kan tí mo lè pa nípa rẹ̀. Orúnkún mi ń gbọ̀n bí ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́.

“Ìyá ọmọ, má rà á. Òjé ló wà nínú rẹ̀. Òjé tí wọ́n ń so mọ́ àwọ̀n.”

Onísọ̀ kejì bú mi. Ó ní wèrè àgbà, pé kí wọ́n mú mi kúrò nídìí ọjà òun, pé Alájà kò rí tà, wọ́n wá ń ba tẹlòmíràn jẹ́. Àwọn ènìyàn ń wò. Obìnrin náà fi ìgò náà sílẹ̀, ó padà wá síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró.

“Alájà, èyí tí mo ti ń rà lọ́wọ́ yín látìgbà àkọ́bí mi ńkọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi ń to tẹ̀sùbáà tí kò dàrú. Ó tò ó, ó tú u, ó tún un tò. Mo rò pé yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé bó bá sọ ọ́, n kò ní já a ní koro.

“Òun náà ni,” ó wí.

Obìnrin náà sọ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ sí àyà. Tìróò àárọ̀ ọjọ́ náà wà lójú ọmọ náà, ó dúdú dáadáa. Ó tutọ́ sí etí gèlè rẹ̀, ó sì ń nu ojú ọmọ náà, ṣùgbọ́n bó ti ń nù ún ló ń tàn ká ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọmọ ń ké, ó ń nù ún lọ. Ẹ̀gbọ́n mi já ọ̀rá omi kan, ó nà án sí i. Obìnrin náà kò gbà á.